Má Kọ́ Ilé Ìlú Òtútù Sábẹ́ Oòrùn: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwa Tí A Ń Kọ́lé

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi kan parí ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Gíláàsì ni gbogbo iwájú ilé náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ń dán gbinrin. Orí fóònù ló ti rí irú rẹ̀, ó sì fi han ẹni tó yàwòrán ilé fún un. Lọ́jọ́ tí a lọ kí i, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì náà láti inú pálọ̀, mo sì yára gbé e kúrò. Iná ti lọ, ẹ́síì ò ṣiṣẹ́. Ìyá wa dìde, wọ́n ní kí a gbé àga bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí òjìji igi máńgòrò aládùúgbò dé. Ibẹ̀ la ti jẹun.

Àṣìṣe tó gbòde jù nìyẹn: à ń wo ojú ilé òkèèrè, a kì í béèrè ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí yìnyín ti ń bọ́, gíláàsì ńlá wúlò, torí pé ooru oòrùn tó bá gba inú rẹ̀ wọlé kì í tètè jáde mọ́. Ooru tí wọ́n ń wá lójú méjèèjì lọ́hùn-ún, àwa ń fowó rà á wọlé, a tún wá ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ láti fi lé e jáde. Àwọn tí a ń wò kọ́ pàápàá ti ń yí padà. Lọ́dún 2019, ìlú New York ṣòfin tó fi ìwọ̀n sí èéfín kábọ́nù tó ń ti ara iná àti epo tí àwọn ilé ńlá wọn ń lò jáde, títí kan àwọn onígíláàsì.

Ilẹ̀ wa sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé. Lọ́sàn-án gangan, orí òrùlé ni oòrùn máa ń wà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wọlé tààrà. Nítorí náà, jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí èyí tó kúrú kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Jẹ́ kí etí òrùlé yọ jáde dáadáa. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé lára ògiri méjì, kí afẹ́fẹ́ tó wọlé lè rí ibi jáde. Fèrèsé tí à ń tì síwá sẹ́yìn tó gbòde báyìí, ìdajì rẹ̀ péré ló ń ṣí. Lúfà àtijọ́ tí à ń yọ dà nù, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀nà mìíràn, kó lọ wo ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Maxwell Fry àti Jane Drew tó yàwòrán rẹ̀ wá láti ìlú òtútù, síbẹ̀ wọ́n fi ògiri oníhò-oníhò bo ara rẹ̀, kí oòrùn má ráàyè, kí atẹ́gùn sì ráàyè.

Má sì kẹ́gàn ilẹ̀ pupa. Ayàwòrán ilé, ọmọ Burkina Faso, ni Francis Kéré. Amọ̀ ló fi kọ́ ilé ìwé abúlé rẹ̀ ní Gando lọ́dún 2001, ó gbé páànù ga kúrò lórí àjà kí ooru lè gba àárín wọn jáde. Lọ́dún 2022, ó gba ẹ̀bùn Pritzker, èyí tó ga jù fún àwọn ayàwòrán ilé lágbàáyé. Nílé tiwa níbí, Demas Nwoko, ayàwòrán ilé ọmọ Nàìjíríà, ti fi ilẹ̀ pupa tí a po mọ́ sìmẹ́ǹtì kọ́lé ní Ìbàdàn tipẹ́tipẹ́, kí àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ tó ń wáyé ní ìlú Venice ní Italy tó fi àmì ẹ̀yẹ kìnnìún wúrà dá a lọ́lá ní 2023.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ omi. Bí a bá ti parí ilé báyìí, a ó gé igi, a ó fi íntálọ́ọ̀kì bo gbogbo àgbàlá láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn, a ó ní ilé ti mọ́. Kò ku ibi tí ilẹ̀ á ti mu omi. Òjò tó yẹ kó rọra wọlẹ̀ á di àgbàrá, á sì gba ilé ẹlòmíràn lọ. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò gbà fún un. Àwa ti ń gbà fún un. Ní ìlú Rotterdam ní orílẹ̀-èdè Netherlands, wọ́n ṣí pápá kan lọ́dún 2013 tí wọ́n ń pè ní Benthemplein: bí ilẹ̀ bá gbẹ, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀, bí òjò bá rọ̀, ó di agbada tó ń gba omi dúró. Nílé tìrẹ, fi ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta àgbàlá sílẹ̀ fún koríko àti igi. Omi orí páànù, gbà á sínú táǹkì.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní 2018 pé láàárín ìgbà náà sí 2050, mílíọ̀nù 189 ni yóò kún àwọn ará ìlú ńlá ní Nàìjíríà. Púpọ̀ nínú ilé tí wọn yóò gbé, a ò tíì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ilẹ̀ tó sì rọ̀ lọ́wọ́ jù láti rà ni ilẹ̀ etí odò. Ìbàdàn kò tíì gbàgbé ìgbà tí odò Ògùnpa kún ya ilé ní August 1980, bẹ́ẹ̀ ni omi tún pa ènìyàn tó lé ní 100 ní ọjọ́ 26, August 2011.

Nítorí náà, má ra ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Gbogbo ilẹ̀ ló ń dára ní January. Ní kí sáféyọ̀ fi ojú odò hàn ọ́ nínú àwòrán ilẹ̀. Padà síbẹ̀ ní September, lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, kí o wọ bàtà tó lè wọ ẹrẹ̀. Wo ìsàlẹ̀ ògiri àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀: ibi tí omi bá dé, yóò ti fi ìlà pupa sílẹ̀. Bá ìyá tó ń tajà lórígun àdúgbò sọ̀rọ̀, kí o bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n máa ń gbé ẹrù sá sí.