Ọjọ́ kan ní Àgbádárìgì: mọ́tò, ọkọ̀ ojú omi, àti ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń sọ fún mi pé kí n mú òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, lọ sí Àgbádárìgì. Ní Sátidé kan, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la gbéra ní Fẹ́sítáàkì. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ti Èkó lọ, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá yín nílé o. Títí ẹ ó fi kọjá Òkòkómáíkò, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni, ibi tí títì ti bàjẹ́ ò sì níye.

Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé ká kọ́kọ́ sọdá sí etíkun kí oòrùn tó mú. Ọmọ Ògù, àwọn tí a tún ń pè ní Ẹ̀gùn, ni bọ̀ọ̀dá tó ń mú wa kiri, Àgbádárìgì ni wọ́n bí i sí. Ó ní, "Rárá, sà. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà tí wọ́n mú wọn gbà. Ọjà ṣíwájú, lẹ́yìn náà ibi tí wọ́n há wọn mọ́, omi ló kẹ́yìn." Mo gbà fún un. Ẹnikẹ́ni tó bá bi mí léèrè, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo máa ń ní kó ṣe é.

A ò pẹ́ ní Vlekete, ọjà ẹrú tí wọ́n ní ọdún 1502 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ibẹ̀ ti pa rọ́rọ́ báyìí. Agbo ilé Sẹ̀ríkì Fárẹ̀mí Williams Abass ni ẹsẹ̀ wa ti wúwo. Yàrá ogójì ló wà níbẹ̀ láyé ìgbà náà, ogójì ènìyàn ni wọ́n sì ń kó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa mẹ́rin péré la wọ ọ̀kan, apá ẹ̀gbọ́n mi ti ń gún mi níhà. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ yàrá láti ògiri dé ògiri, ó tún padà wọ̀n ọ́n, ó wá ní, "Mọ́mì, báwo ni wọ́n ṣe ń sùn?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Sẹ̀ríkì fúnra rẹ̀, ẹrú ni wọ́n kó o ní kékeré. Ó dé Bùràsíìlì, ó padà wálé, ó di ọlọ́lá, òun náà sì ń ta èèyàn. Sàárè rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọdún 1919 ló kú. Èyí dùn mí ju gbogbo ohun tí mo gbọ́ nípa àwọn Òyìnbó lọ, torí ó mọ bí okùn ṣe ń rí lọ́rùn.

Ní ilé Mobee, tí wọ́n kó ohun èlò ìgbà òwò ẹrú jọ sí, wọ́n jẹ́ ká gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dání. Òórùn ìpẹtà rẹ̀ kò kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ mi títí a fi jẹun ọ̀sán.

Ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, parí ní ọdún 1845, kọjú sí ọ̀sà. Àwòrán ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń yà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń lọ. Ẹ dúró díẹ̀. Àjàyí Crowther, tó wá di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà, gbé ibẹ̀. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọdún kejì, ọkọ̀ òkun tó gbé e kúrò ní Èkó ti wà lójú agbami kí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti tà tán ló padà wá, tó jókòó sí ojú fèrèsé tó kọjú sí irú omi bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ la wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu, erékùṣù tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Ẹ bá ọlọ́kọ̀ sọ owó àlọ àti àbọ̀ pọ̀ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì wọ ẹ̀wù amúnilefòó kí ọkọ̀ tó ṣí, ẹ má wò ó pé omi náà dákẹ́. Ìrìn náà kò gùn. Ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, nínú yanrìn tó ń gbé ẹsẹ̀ mì, láàárín igi àgbọn. Ọlọ́kadà wà, ṣùgbọ́n ẹ fẹsẹ̀ rìn ín tí ara yín bá lè gbà á.

Kànga kan wà lójú ọ̀nà. Wọ́n ní wọ́n máa ń mú kí àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi na ọrùn wo inú rẹ̀, ó sì rọra fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kúrò létí kànga. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo òkun la kọ́kọ́ gbọ́ ká tó rí i. Òpó méjì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà ló dúró níbẹ̀, kò sí ilé, kò sí ìlú, àfi omi. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì dúró láìsọ̀rọ̀. A ò ya àwòrán kankan.

Nígbà tí a ń padà, ọmọ náà kọjú sí erékùṣù náà, ó kẹ̀yìn sí ìlú tí a ń lọ, títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀.