Fóháǹdì Tó Ń Fi Apá Ṣiṣẹ́ Gbogbo Ara

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, kóòṣì. Nínú tẹníìsì, gbogbo agbára mi ni mo fi ń gbá fóháǹdì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí à ń gbá láti ìhà ọwọ́ tó di rákẹ́ẹ̀tì mú, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù kì í le. Kí sẹ́ẹ̀tì kan tó parí, apá á ti kú mọ́ mi lára. Ṣé kí n lọ máa gbé irin ni?

Ìdáhùn: Ẹ fi irin sílẹ̀ ná. Ilẹ̀ ni agbára fóháǹdì ti ń wá. Bí ọwọ́ ọ̀tún lẹ ń lò, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ẹ gbé ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí iṣan itan àti ti ìdí wá ti ara sókè. Ìbàdí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí síwájú. Iṣan ìhà á fa àyà tẹ̀ lé e, èjìká á tẹ̀ lé àyà, apá á gbẹ̀yìn. Nígbà náà ni iṣan àyà àti ti iwájú èjìká á gbé apá kọjá níwájú ara, tí eegun apá òkè á sì máa yí sínú nínú oríkèé èjìká. Ẹni tó ń fi àáké la igi kì í fi apá nìkan là á.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé ìbàdí àti èjìká wọn jọ ń yí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dán èyí wò láìmú rákẹ́ẹ̀tì: ẹ yí èjìká títí ti òsì á fi kọjú sí nẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí ìbàdí yí díẹ̀ péré. Ẹ ó rí i pé ìhà ń fà yín. Fífà yẹn gan-an là ń wá. Ẹ wá tú ìbàdí sílẹ̀ ṣáájú.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ní inú ìgúnpá ń dun òun bó bá ti gbá fóháǹdì púpọ̀.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kọ́kọ́ dá a dúró, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Eegun ọmọdé ṣì ń dàgbà níbẹ̀, kò yẹ ká máa fi ìrora gbá bọ́ọ̀lù. Bí ìka kékeré bá ń kú tipiri, ẹ má fi falẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọrùn-ọwọ́ rẹ̀. Ara eegun inú ìgúnpá ni àwọn iṣan tó ń ká ọrùn-ọwọ́ síwájú ti bẹ̀rẹ̀; bó bá ń fipá já a síwájú, ibẹ̀ ló ń fà. Kó jẹ́ kí ọrùn-ọwọ́ tẹ̀ sẹ́yìn wẹ́rẹ́, kó má fún rákẹ́ẹ̀tì pa. Yíyí ara ló máa gbé e wá. Bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ lára okùn ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, ọrùn-ọwọ́ kò lè tún nǹkan kan ṣe láàárín ìyẹn.

Ìbéèrè: Ẹ̀yìn èjìká ló ń ro mí lọ́jọ́ kejì.

Ìdáhùn: Àwọn iṣan kéékèèké ẹ̀yìn èjìká ni búréèkì apá. Bí ẹ bá dá rákẹ́ẹ̀tì dúró lójijì lẹ́yìn tí ẹ gbá a, àwọn ló ń jìyà. Ẹ jẹ́ kó lọ títí dé orí èjìká òsì. Ẹ sì máa fi rọ́bà tó ń fà ṣe eré ìdárayá: ìgúnpá mọ́ ìhà, ẹ yí ọwọ́ síta díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dá a padà pẹ̀sẹ̀. Dídá a padà yẹn ṣe pàtàkì ju fífà lọ.