Bí Ẹ Ṣe Lè Jókòó sí Abẹ́òkúta Gba Ìwé Ìjàǹbá Bọ́ǹbù Átọ́míìkì Lọ́wọ́ Ìjọba Amẹ́ríkà

Òfin tó ń jẹ́ kí aráàlú gba ìwé ìjọba Amẹ́ríkà, ìyẹn Freedom of Information Act (FOIA), kò béèrè ọmọ ìlú ibi tí èèyàn jẹ́. Ẹni tó wà ní ilé kọ̀ǹpútà ní Pánṣẹ́kẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí i bíi ará Washington. Ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni kéèyàn béèrè ọ̀rọ̀, kó má béèrè ìwé. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé "Ṣé bọ́ǹbù wà nínú bàálù yẹn?", wọ́n á ní àwọn ò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ò sì ní sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Òfin ò fipá mú wọn dáhùn ìbéèrè. Ìwé tó wà nínú fáìlì wọn ló ní kí wọ́n wá jáde.

Ìjàǹbá kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. Ẹ wo Palomares ní Sípéènì: January 17, 1966, bàálù B-52, bàálù ajubọ́ǹbù Amẹ́ríkà, forí sọ bàálù tó fẹ́ rọ epo sí i lójú òfuurufú, bọ́ǹbù háídírójìn mẹ́rin sì já bọ́. Ẹ̀tù inú méjì nínú wọn bú nílẹ̀, ó fọ́n plutonium, èròjà olóró inú bọ́ǹbù átọ́míìkì, sórí oko tòmátì. Ọ̀kan wọ inú òkun, ó di April kí wọ́n tó fà á jáde. Lẹ́tà tó yè kooro á sọ, lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹ ń fẹ́ ìròyìn ìwádìí ìjàǹbá náà àti àwọn wáyà (tẹligíráàmù) tí wọ́n tẹ̀ lórí rẹ̀ láti January 17 dé April 30, 1966. "Gbogbo ìwé yín lórí bọ́ǹbù" á há sọ́nà ni.

Ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí iléeṣẹ́ ológun òfuurufú, iléeṣẹ́ Energy (tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ átọ́míìkì) àti iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Fáìlì oníkálukú yàtọ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ lè san sí i. Ẹni tí kò fẹ́ fi ìwé náà ṣòwò á gba ìwákiri wákàtí 2 àti ojú-ìwé 100 lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ lẹ́tà náà tán, kí ẹ fi pamọ́ kí ẹ tó ṣí ojú-òpó wọn, torí iná.

Ọjọ́ iṣẹ́ 20 ni òfin fún wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ átọ́míìkì lè gba ọdún, torí ọ́fíìsì kan kì í dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ tú sílẹ̀. Bó bá dé, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n kùn dúdú: b1 ni àṣírí ààbò ìlú, b3 ni òfin mìíràn, pàápàá òfin átọ́míìkì ti 1954. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀ o. Ó kéré tán, ẹ ní ọjọ́ 90 láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀; kí ẹ ní kí wọ́n ya ohun tí kì í ṣe àṣírí sọ́tọ̀, kí wọ́n fún yín.

Ẹ wá ẹ̀dà tó ti jáde rí pẹ̀lú. Ohun tí ọ́fíìsì kan kùn, òmíràn lè fi sílẹ̀. December 5, 1965, bàálù kan yí kúrò lórí ọkọ̀ ogun Ticonderoga, tòun ti bọ́ǹbù rẹ̀, ó rì. Ní 1981 ìjọba ní ó ju 500 máìlì lọ sí ilẹ̀. Ìwé tó jáde ní 1989 fi hàn pé bíi 80 máìlì péré ni sí erékùṣù Japan kan. Àwọn tí bọ́ǹbù méjì ti pa èèyàn wọn ní 1945 ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ èyí! Torí náà, ẹ tẹ́ ẹ̀dà ìwé kan náà méjèèjì, tiyín àti èyí tó ti jáde rí, sórí tábìlì, kí ẹ fi rúlà tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn tó bá hàn nínú ọ̀kan tó pa mọ́ nínú èkejì, ẹ fa ìlà sí i, kí ẹ kọ déètì àti ọ́fíìsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun ni ẹ máa tọ́ka sí nínú lẹ́tà tó kàn.