Kọ́ọ̀sì ìtàn Ifẹ̀ lórí Moodle: bí mo ṣe ṣe é tí kò fi jẹ dátà

Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń kọ́ ní ìtàn Ifẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ló ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn kan ń ti Iléṣà wá, àwọn kan ń ti Ìpetumodù, àwọn yòókù wà ní Modákẹ́kẹ́ níbí. Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú wa gbé kọ́ọ̀sì rẹ̀ sórí Moodle, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ni, ohun tí mo kọ́kọ́ bi ara mi ni pé: èló ni yóò ná ẹni tó fẹ́ kà á lórí fóònù?

Moodle fúnra rẹ̀ kò gbówó lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Martin Dougiamas, ará Ọsirélíà, gbé e jáde lọ́dún 2002, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Dátà ló ń gbówó.

Mi ò gbé fídíò kankan síbẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan fẹ́ràn kí ayé máa rí ojú àwọn. Ojú tèmi kò tó ohun tí èèyàn ń wò fún wákàtí kan gbáko lórí owó ara rẹ̀. Ohùn nìkan ni mo gbà sílẹ̀, lóru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará Lágere ti dákẹ́. Mo fi Audacity gé ibi tí mo ti ń wúkọ́ kúrò. Nígbà tí mo fẹ́ sọ ọ́ di MP3, mo yan mono (ohùn ojú ọ̀nà kan ṣoṣo), mo sì fà á wálẹ̀ sí 32 kbps (kílóbíìtì 32 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Orin ni ìyẹn máa bà jẹ́, nǹkan kan kò ní ṣe ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Wákàtí kan kò wá ju mẹ́gábáìtì 15 lọ. Mo tún gé e wẹ́wẹ́ sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já mọ́ lọ́wọ́ má baà tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìwé kíkà, mi ò fi ṣe PDF. Page ti Moodle ni mo tẹ̀ ẹ́ sí, torí ó ń bá fóònù kékeré mu.

Ìbéèrè ni iṣẹ́ ibẹ̀ gan-an. Bí èèyàn bá ní kóun máa tẹ̀ wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú, á tún mọ́. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní GIFT: ẹ máa kọ gbogbo ìbéèrè sínú fáìlì kan ṣoṣo ní Notepad, ẹ ó wá kó o wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú tèmi rèé:

Ọdún wo ni wọ́n hú àwọn orí idẹ jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀? {
=1938 #Ó tọ̀nà. Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí ló wà lórí ìtẹ́ nígbà náà.
~1910 #Ọdún tí Frobenius, olùwádìí ará Jámánì, dé Ifẹ̀ nìyẹn.
~1954 #Ọdún tí wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀ nìyẹn.
~1961 #Ọdún tí wọ́n dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn.
}

Èyí tó ní = ló tọ̀nà, àwọn tó ní ~ kò tọ̀nà, ohun tó tẹ̀lé # sì ni akẹ́kọ̀ọ́ máa rí lẹ́yìn tó bá ti dáhùn. Ẹ fi ìlà òfìfo kan sáàárín ìbéèrè kan sí èkejì. UTF-8 ni kí ẹ fi tọ́jú fáìlì náà o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì ohùn yóò di jágbajàgba. Mi ò bu ọdún kankan lásán sínú àwọn ìdáhùn yẹn. Ẹni tó bá ṣì í yóò ṣì rí nǹkan mú lọ sílé.

Lẹ́yìn èyí, mo lọ sí "Extra restrictions on attempts" nínú ètò ìdánwò náà, mo gbà kí wọ́n lè ṣe é láìsí íntánẹ́ẹ̀tì lórí áàpù Moodle. Kí èyí tó lè ṣiṣẹ́, ìdánwò náà kò gbọdọ̀ ní gbèdéke ìṣẹ́jú, "Deferred feedback" sì ni mo yàn, ìyẹn ni pé èsì kò ní hàn àfi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi gbogbo ìdáhùn sílẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi sílẹ̀ fún wọn.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Atakúnmọ̀sà pè mí lórí fóònù.

"Ẹ káàsán o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá pa dátà, ṣé ìdáhùn mi ò ní pa rẹ́?"

"Rárá o, mà. Inú fóònù yín ló wà. Tí ẹ bá ti tan dátà padà, kí ẹ ṣí áàpù náà, yóò fi ránṣẹ́. Ẹ sáà má jẹ́ kó kọjá alẹ́ Sọ́ńdè."

"Kí àwọn oníbàárà ṣáà fún mi láyè."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò jí ìwé wò. Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ogójì ìbéèrè sílẹ̀, tí Moodle ń ṣa mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí máàkì rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹni tó ṣíwèé wá 1938, ó kúkú ti kàwé nìyẹn.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mo ṣí Statistics, níbi tó ti ń fi iye àwọn tó mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan hàn. Lẹ́yìn 1938, 1910 ló kó èèyàn jù. Orí Olókun tí Frobenius rí ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ àwọn ti Wúnmọníjẹ̀. Mo ti gba ohùn kúkúrú kan sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Frobenius nìkan, ó ti wà lábẹ́ ìdánwò náà, ìbéèrè méjì lórí rẹ̀ sì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.