Bí mo ṣe rí gírámófóònù ayé àtijọ́ rà n'Ìbàdàn

Lókè òkun, àwọn tó ń kó gírámófóònù àtijọ́ jọ, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ yí kó tó kọ orin inú àwo, ní ìpàtẹ tí wọ́n ti ń pàdé. Wọ́n á tò ó sórí tábìlì, ẹni tó bá fẹ́ rà á á yí i, á gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó sanwó. A ò ní irú ẹ̀ n'Ìbàdàn. Inú ilé onílé ni tiwa wà: lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ní yàrá bàbá tó ti dolóògbé, lókè àjà àwọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì Òkè-Àdó. Ẹnu ni mo fi wá tèmi.

Mo bi àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Dùgbẹ̀, mo bi àwọn tó ń ta àwo orin àlòkù, mo sì bi àwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù tó ń ti ọmọlanke kiri. Àwọn tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí ló yẹ kéèyàn tètè bá. Ilé tí wọ́n ń wọ̀ kò lóǹkà, bí wọ́n bá sì ra irú ẹ̀rọ yìí, òòlù ni wọ́n fi ń fọ́ ọ kí wọ́n lè yọ irin inú ẹ̀ tà. Ó máa ń dùn mí wọra.

Kí n tó rí èyí tí mo rà, ẹnì kan ti kọ́kọ́ gbé ọ̀kan tó ní fèrè idẹ gbàǹgbà wá fún mi. Àpótí ẹ̀ ní igun mẹ́jọ, idẹ ẹ̀ ń dán yanran, wọ́n lẹ àwòrán ajá tó jẹ́ àmì HMV, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe gírámófóònù àti àwo orin láyé àtijọ́, mọ́ ọn. Mo dúpẹ́, mi ò rà á. Ayédèrú ni, Íńdíà ni wọ́n ti ń to irú ẹ̀ pọ̀, wọ́n á ki ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ kékeré àlòkù bọ inú àpótí tuntun. Ọrùn fèrè ni kẹ́ ẹ máa wò: ti ojúlówó máa ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìdí lọ sí ẹnu, ti ayédèrú á rí bíi páìpù omi tí wọ́n kàn tẹ̀.

Oníkóńdẹ́ẹ̀mù kan ló wá mú mi dé ọ̀dọ̀ Alhájà kan ní Kúdẹtì.

"Ẹ káàsán mà."

"Káàsán, ọmọ mi. Ṣé ìwọ lo fẹ́ ra ẹ̀rọ bàbá wọn?"

Wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn gbé e wá. HMV 102 ni, àpótí dúdú tó ṣeé gbé rìn, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1931. Bí mo ṣe ń ṣí i ni Alhájà ń sọ̀rọ̀: "Tí a bá ń kómọ, gbogbo àdúgbò ló ń wá jó sí i. Kò sì bèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Mo rọra yí ọwọ́ ẹ̀. Ó ń le sí i bí mo ṣe ń yí i, ìyẹn ni pé sípíríǹgì kò já. Èyí tó bá ti já, òfìfo lẹ ó máa yí. Mo wá yọ orí tó ń gbé abẹ́rẹ́. Awẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú ẹ̀ ló ń sọ gbígbọ̀n abẹ́rẹ́ di ohùn. Awẹ́ náà pé, àmọ́ rọ́bà tó yí i ká ti gan bí òkúta. Mo fi han Alhájà, a nájà lórí ẹ̀, wọ́n sì fi àwo díẹ̀ kún un fún mi.

Mo pààrọ̀ rọ́bà náà sí èyí tó rọ̀, mo fi kẹrosíìnì fọ gíríìsì àtijọ́ tó ti dì mọ́ ẹ́ńjìnnì, mo fi tuntun sí i. Mi ò tú ilé sípíríǹgì fúnra mi. Bó bá fò jáde, ó lè ya èèyàn lọ́wọ́ yánnayànna, torí náà ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń tún aago ṣe ni mo gbé e lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ojú àwo kan, abẹ́rẹ́ irin kan. Àwọn àwo yẹn, oje kòkòrò kan tó ń gbé lára igi ni wọ́n pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀ òkúta lílọ̀, ìyẹn sì máa ń jẹ ẹnu abẹ́rẹ́. Tẹ́ ẹ bá tún un lò, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í họ àwo. Ẹ má sì gbé àwo oníke àwọn Ebenezer Obey sórí ẹ̀ láé. Orí yẹn wúwo jù fún un, ẹ́ńjìnnì náà sì ń yí tó ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan.

Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin jáde fún HMV ní 1937, ni mo kọ́kọ́ fi sí i. Ariwo abẹ́rẹ́ ló ṣáájú, ohùn ẹ̀ sì yọ ketekete. Èyí tí mò ń wá báyìí ni àwo àwọn orin tí Alùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá-bàbá Fẹlá, kọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ yí báyìí ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Gbogbo oníkóńdẹ́ẹ̀mù tí mo bá pàdé ni mò ń fún ní nọ́ńbà mi: ẹ pè mí kẹ́ ẹ tó gbé òòlù, owó tí irin inú ẹ̀ bá máa mú wá, màá san jù bẹ́ẹ̀ lọ.