Bí Mo Ṣe Ṣe Ògbufọ̀ Fún Gééjì Epo Bàálù Mi

Bàálù tí mo fi ọwọ́ ara mi tò níbi ìgbọ́kọ̀sí ilé mi ní Texas jẹ́ RV-7 ti Van's Aircraft, ọ̀kan lára àwọn bàálù tí iléeṣẹ́ máa ń kó ẹ̀yà rẹ̀ ránṣẹ́ sí èèyàn nínú àpótí kí ó lè tò wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Air Beetle tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà fi kọ́ awakọ̀, ará ilé kan náà ni wọ́n, nítorí láti ara RV-6A ni wọ́n ti mú un jáde. Ìyẹ́ méjèèjì ló ní táǹkì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba gálọ́ọ̀nù 21. Kí n tó dí àwọn táǹkì náà pa ni mo ti to páànù pẹlẹbẹ sínú wọn, láì jẹ́ kí wọ́n kan irin táǹkì, kí n lè máa fi mọ ìwọ̀n epo. Gééjì tí mo rà kò gbọ́ èdè mìíràn ju fóltì láti 0 dé 5 lọ, bẹ́ẹ̀ picofarad, òṣùwọ̀n iná tí nǹkan lè gbà mọ́ra, ni páànù ń sọ. Ògbufọ̀ ni mo ní láti wá sí àárín wọn.

Páànù àti ara táǹkì máa ń gba iná díẹ̀ mọ́ra láàárín ara wọn. Bí epo bàálù bá rọ́pò afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, iná tí wọ́n lè gbà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Mo so páànù mọ́ ṣíìpù TLC555 kan, tó ń tan iná tó sì ń pa á léraléra bí ẹni ń lùlù, pẹ̀lú reṣísítọ̀ (ẹ̀yà tó ń dín iná kù) 10 kilohm àti 470 kilohm, tó fi jẹ́ pé bí epo bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ṣíìpù náà ń lù lọ́ra sí i. Arduino Nano, kọ̀ǹpútà kékeré kan, ló ń ka ìlù náà, òun ló sì ń sọ ọ́ di fóltì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan reṣísítọ̀ ńlá kí iná tó ń dé inú táǹkì má baà ju nǹkan bíi microamp 10 lọ, nítorí ibi tí epo wà kì í ṣe ibi tí à ń fi iná ṣeré.

Lórí tábìlì, kapásítọ̀ (ẹ̀yà tó ń gba iná mọ́ra) 100 picofarad tí mo fi dípò páànù mú un lù ní nǹkan bíi ìgbà 15,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ti wí. Inú mi dùn, mo sì gbé e sẹ́yìn pátákó gééjì, mo wá fi wáyà RG-58 tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6 so ó mọ́ táǹkì. Àṣìṣe gidi nìyẹn. Ẹsẹ̀ bàtà kan wáyà yẹn nìkan ń gba nǹkan bíi picofarad 30, ohùn wáyà sì bo ti páànù mọ́lẹ̀. Bí mo bá kàn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, iye yóò yí padà. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo gbé ògbufọ̀ náà lọ sí ìdí ìyẹ́, níbi tí wáyà kò ti gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

Àṣìṣe kejì tún dójú tì mí. Epo mọ́tò ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò nínú ìgò, mo gbàgbé pé wọ́n ń po ẹtánọ́ọ̀lù mọ́ epo mọ́tò níbí, ẹtánọ́ọ̀lù sì ń gba iná mọ́ra ju epo lọ fíìfíì. Nígbà tí mo da epo bàálù aláwọ̀ búlúù sí i, kò sí iye kan tó bára mu mọ́.

Nítorí náà inú táǹkì gan-an ni mo ti ka á. Mo gbé ìrù bàálù sókè títí ó fi dúró bí ìgbà tó ń fò, mo fi wáyà so agolo epo mọ́ ara bàálù, mo wá ń da gálọ́ọ̀nù 2 sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ iye sílẹ̀. Àlàfo àárín wọn kò dọ́gba rárá, nítorí ìyẹ́ ga sókè lọ́nà ṣóńṣó rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ni epo kọ́kọ́ ń kóra jọ sí. Tábìlì iye yìí ni mo fi há Nano lórí. Òdo gééjì mi kì í ṣe ìgbà tí táǹkì gbẹ, bí kò ṣe ìgbà tó ku kìkì epo tí páìpù kò lè fà mọ́. Kí ọwọ́ gééjì má baà máa jó bí epo ṣe ń mì, ìṣẹ́jú àáyá 20 ni ó fi ń ṣírò àròpín.

Lẹ́yìn tí mo fò pẹ̀lú táǹkì òsì, gééjì ní mo ti lo gálọ́ọ̀nù 5.5, àmọ́ 5.8 ni ẹ̀rọ ìfapo dà sínú táǹkì náà kí ó tó kún. Ọ̀pá ìwọnpo mi ṣì wà lẹ́yìn ìjókòó, òun ni mo sì ń tì bọ táǹkì kí n tó gbéra.