Ògiri bíríkì àtijọ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe ilé oúnjẹ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọ̀kun o. Láti Kàbà dé Ìsánlú, ohun kan náà ni gbogbo ẹni tó bá gba ilé bíríkì àtijọ́ láti fi ta oúnjẹ ń bi mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á kí ẹ tó náwó.

Èéfín ti sọ ògiri di dúdú. Kí la máa fi fọ̀ ọ́?
Omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì onírun. Ti onírin á họ ojú bíríkì.

Ara ògiri ń ta ọbẹ̀dò.
Ẹ kó pàǹtí inú gọ́tà òrùlé kúrò, kí omi má baà máa ṣàn sára ògiri.

Ṣé ká fi ọ̀dà olóròóró kùn ún kó lè máa dán?
Rárá! Bíríkì sísun ń mu omi òjò, ojú rẹ̀ náà ló sì ń gbà gbẹ. Bí ẹ bá fi ọ̀dà dí i, omi á há sínú, bíríkì á sì máa ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ń yọ lára ògiri. A fọ̀ ọ́ títí, ó tún padà.
Èyí fojú mi rí màbo nílé kan ní Kàbà. Ìyá tó ni ín fẹ́ máa ta iyán níwájú ilé, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti dé, nǹkan yẹn á máa dà sórí tábìlì. Mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò: iyọ̀ ni. Omi ló ń gbé e wá sójú ògiri. Bí omi bá gbẹ, iyọ̀ á kù síbẹ̀. Ẹni tó bá fi omi fọ̀ ọ́, ńṣe ló tún ń yọ́ ọ padà sínú bíríkì.

Gọ́tà mọ́, páànù ò jò. Ìgbà tí a gbẹ́ ìdí ògiri lọ́ràn yé mi. Bíríkìlà kan ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ dé orúnkún, ó sì da kọnkéré síwájú ilé, ó ga ju ilẹ̀ inú lọ. Gbogbo òjò ń ṣàn sídìí ògiri, sìmẹ́ǹtì ò sì jẹ́ kó gbẹ. A fọ́ kọnkéré náà, a la ojú àgbàrá gba ibòmíì, a rọra gbẹ́ sìmẹ́ǹtì kúrò. Ojú ń kán ìyá, àmọ́ mo bẹ̀ wọ́n kí ọyẹ́ kọjá ná. A ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá iyọ̀, a ń kó o dànù. Nígbà tí kò yọ mọ́, a po láìmù ìkọ́lé (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń fi òkúta sísun ṣe) ìwọ̀n 1 mọ́ yanrìn ìwọ̀n 3, a fi dí àárín bíríkì. Láìmù rọ̀, ó ń jẹ́ kí ògiri gbẹ. Sìmẹ́ǹtì Obajana dára fún búlọ́ọ̀kù. Ó le jù fún bíríkì àtijọ́.

Ògiri là láti ilẹ̀ dókè, ó sì ń tẹ̀ síta.
Ẹ pe ẹ́ńjíníà lónìí. Ẹ má gbé àga kankan síbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn fi sìmẹ́ǹtì dí i fún yín. Ìpìlẹ̀ lè ti máa rì.